Ojú Ìbọn Bàbá Mi

Ọdẹ́wálé ọmọ bàbá mi ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣẹ̀ mí láyé. Mo tètè dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé n kò bẹ̀rù rẹ̀. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Àwọn àgbà ọdẹ gbà á gbọ́, ìyá rẹ̀ tó jẹ́ ìyálé ìyá mi fi orin gbè é lẹ́sẹ̀, ìdílé kan tó ti ń tọrọ mi fún ọmọ wọn sì ní àwọn kò ṣe mọ́. Gbogbo wọn ti kú. Òun nìkan ló kù, ó wà lọ́dọ̀ Fúnkẹ́ ọmọ rẹ̀ ní Wythenshawe, ó ń mu tíì, ó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bi mí lánàá ìdí tí Bàbá Fúnkẹ́ kò fi gbé ìbọn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n ní kí àwọn àgbà mú ohun àtijọ́ wá, nígbà tó jẹ́ pé ìbọn náà ni wọ́n fi ń lérí láti ìgbà tí wọ́n ti kéde rẹ̀. Mo ní kí ẹ jókòó. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń bọ̀ jìn.

Òórùn ló máa ń kọ́kọ́ dé bá mi. Òórùn àdín dúdú tí a fi ń pa irin lára, tó dà pọ̀ mọ́ ti etù àti ti awọ ẹran tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí. Nígbà ọyẹ́, kùrukùru á bo ẹ̀yìnkùlé títí tí igi ọsàn kò fi ní hàn, a ó sì máa gbọ́ ṣaworo ọrùn àwọn ajá kí a tó rí wọn. Bàbá á ti igbó dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wúkọ́. Láti inú ikọ́ náà ni a ó ti mọ̀ bóyá ẹran wà lẹ́yìn rẹ̀ tàbí kò sí. Títí di òní, ní Gorton níbí, bí kùrukùru bá bo Hyde Road, tí bọ́ọ̀sì ń bọ̀ tó jẹ́ iná rẹ̀ nìkan ló ń hàn, mo ṣì máa ń dúró létí fèrèsé kí n máa retí ikọ́ yẹn.

Bàbá mi lọ jagun ní Boma kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí ogun parí, ó dá ìbọn padà fún àwọn tó ni ín, bí gbogbo wọn ti ṣe, ó sì padà sídìí ṣakabùlà tó fi sílẹ̀ nílé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí òyìnbó tó ń ṣọ́ igbó ọba ní agbègbè wa tó fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀. Òyìnbó yìí ní ìbọn sójà kan, irú èyí tí ìjọba patì lẹ́yìn ogun. Bàbá mi ti mú un wọ igbó, ó ti mú un jáde láìfarapa, nítorí náà ó bá bàbá mi gba ìwé àṣẹ, ó fi ìbọn náà ta á lọ́rẹ.

Ẹ̀rín ni ẹ̀ bá rín bí ẹ bá rí i lọ́jọ́ tó dé. Ó ti dógùn-ún láti ẹnu dé ìdí. Igi rẹ̀ ti gbẹ, ó ti tẹ̀ wọnú níbi púpọ̀, bí ẹni pé wọ́n fi í lu òkúta. Àwọn ọdẹ yòókù wò ó, wọ́n ní, "Ọ̀gá ọdẹ, ṣé ẹ fẹ́ fi gún iyán ni?" Ọ̀gbẹlẹ̀ kan gbáko ni Bàbá fi tún un ṣe, èmi ni mo sì jókòó tì í.

Ẹ má bi mí ìdí tó fi jẹ́ èmi. Wálé ni àkọ́bí, ó wà nílé ẹ̀kọ́ nílùú, ìgbà ìsinmi nìkan ni a ń rí i. Wọ́n ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn nílé ọdẹ. Bàbá ní, "Ọwọ́ ọmọ yìí kéré, ó wọ ibi tí tèmi kò wọ̀." Ó tán. Ìyálé ìyá mi kùn, kùn, ó dákẹ́.

Ibi tí igi bá ti tẹ̀ wọnú, Bàbá á fi àkísà tútù lé e, á gbé áyọ̀ọ̀nù eléèédú lé àkísà náà. Oru á wọnú igi, igi á sì máa wú padà díẹ̀díẹ̀ bí ara ẹni tó ń jí lójú oorun. Mo máa ń tẹjú mọ́ ọn. Mo rò nígbà náà pé kò sí ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò lè gbéra padà, bí ẹni tó mọ ìwọ̀n iná bá wà nítòsí rẹ̀. Ọmọdé ni mí.

Àkísà ni iṣẹ́ tèmi. Wọ́n ní bí ọmọdé láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nílé wa, ọmọdé ló ni àkísà. Ìyá mi máa ń fún mi ní ìró aláró rẹ̀ tó bá ti gbó, màá fà á ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, màá ká a sínú igbá. Bí wọ́n bá ti yin ìbọn náà, omi gbígbóná la kọ́kọ́ máa ń dà gba inú rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì nílùú yìí, kí n tó mọ̀ pé iyọ̀ ló máa ń wà nínú èéfín ọta àtijọ́, pé omi ló ń yọ́ ọ, pé òróró nìkan kò lè ṣe é. Bàbá mi kò ka ìwé kan nípa rẹ̀. Sójà kan ló kọ́ ọ ní Boma, ó sì gbọ́ràn.

Lẹ́yìn omi, okùn. Okùn náà ní òjé lórí, àkísà nídìí. A ó ju òjé sínú ìbọn láti ẹ̀yìn, á jáde lẹ́nu, a ó sì fà á. Kò gbọdọ̀ jẹ́ láti iwájú, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé a fi igi tì í. "Ọ̀nà tí ọta ń gbà ni àkísà ń gbà," Bàbá á wí, bí ẹni ń sọ òfin Mósè.

Bí mo bá ti fà á tán, Bàbá kì í wò ó fúnra rẹ̀. Ó ní ẹni tó nù ún ni kó wò ó. Màá na ẹnu ìbọn sí ọ̀run, màá fi ojú sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ó bá mọ́ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á máa yí wọnú rẹ̀ bí omi tó ń yí wọ ihò, ojú ọ̀run kékeré kan á sì wà níparí rẹ̀, roboto, bí ẹni pé ayé mìíràn ló ń yọjú wò mí láti ibẹ̀. Bàbá á béèrè láìgbójú sókè.

"Àjíkẹ́, ṣé ojú ti mọ́?"

"Ojú ti mọ́, Bàbá."

Ojú ìbọn ni à ń sọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ́ báyìí, ó máa ń ṣe mí bíi pé àwa méjèèjì la jọ mú kí ilẹ̀ mọ́. Ó lè jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí adìyẹ ti máa wọlé, kí èéfín máa gòkè láti ilé ìdáná. Ojú ti mọ́ nìyẹn.

Ẹ̀yin ìwòyí, bí ènìyàn bá bi yín pé báwo ni, ẹ ti ní "fine" kó tó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. N kò bú yín. Mo kàn ń sọ pé nílé wa, ẹni tí wọ́n bá bi pé ṣé ojú ti mọ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò.

Ọdún Ògún ló bà á jẹ́. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọdẹ á kó ìbọn wọn jọ sẹ́yìn màrìwò, wọ́n á bu ẹmu, wọ́n á sun iṣu, bí oòrùn bá sì ti yọ, wọ́n á yìnbọn sókè, ọ̀gá ọdẹ ló ń kọ́kọ́ yìn. Obìnrin kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò náà. Nítorí náà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo máa ń nu ìbọn Bàbá. Màá nù ún, màá wò ó, màá dáhùn, a ó sì fi àdín pa inú rẹ̀ kó lè sùn mọ́jú. Lówùúrọ̀, ẹnìkan á tún fi àkísà gbígbẹ fa àdín náà kúrò. Lọ́dún yẹn, Wálé wà nílé, ó ti ń dá irùngbọ̀n sí, ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni òun fẹ́ ṣe. Mo fún un ní igbá àkísà mi. Mo bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi okùn fà á. Ó ní, "Gba ẹ̀gbẹ́ kan, jàre. Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi?"

Mo wà lẹ́yìn ògiri pẹ̀lú ìyá mi, à ń bó iṣu. Mo gbọ́ ohùn Bàbá: "Wálé, ṣé ojú ti mọ́?" Mo gbọ́ ìdáhùn Wálé, kíá, kí Bàbá tó sọ̀rọ̀ tán: "Ojú ti mọ́, Bàbá." Mo rántí pé mo jowú. Ọ̀rọ̀ mi ni, ó sì wà lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ìbọn yẹn máa ń dún kò! bí ẹni la igi gbígbẹ. Lọ́jọ́ náà, ó dún bí ìgbà tí ìkòkò ńlá fọ́ nínú odò. Ajá sá gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn bàbá mi tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ohùn ọmọdé. Ìbọn náà ti ya lágbedeméjì. Ó mú ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ, àtàǹpàkò nìkan ló ṣẹ́ kù síbẹ̀.

Nínú iyanrìn ni wọ́n ti rí àkísà tó jóná. Aláró ni. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni àkísà aláró nínú ilé náà. Wọ́n pè mí jáde, wọ́n ní mo gbàgbé rẹ̀ sínú ìbọn lánàá, òun ló dí ọ̀nà ọta. Mo ní mo wò ó, ojú mọ́, Bàbá alára ló bi mí. Mo ní ẹ bi Bọ̀ọ̀dá Wálé, òun ló nù ún láàárọ̀.

Wálé na ọwọ́ sókè. "Mo wò ó o! Ojú mọ́ kedere! Ṣé mo lè purọ́ lójú Ògún?"

Kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú àwọn àgbà yẹn tó béèrè bí àkísà ṣe lè wà nínú ihò kan kí ojú sì mọ́ kedere nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn mi orí, ó ní, "Àkísà obìnrin ni. Ohun obìnrin máa ń farapamọ́ fún ojú ọkùnrin." Wọ́n sì gbà pé ọgbọ́n ni. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ láyé mi, àwọn mìíràn nínú wọn kò mọ ìdajì yàtọ̀ sí ìdámẹ́rin, síbẹ̀ n kò gbọ́ irú òmùgọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí.

Bàbá kò nà mí. Kò bú mi. Ì bá sàn bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyálé ìyá mi ń kọ orin sí ìyá mi ní òròòwúrọ̀, "abiyamọ tó bí àgbákò", títí ìyá mi fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí. Bàbá kò ní ìbọn sójà mọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì lè gbé ṣakabùlà. Ó ń jókòó lábẹ́ igi ọsàn. Bí ó bá jí, á ní, "Ilẹ̀ ti mọ́." Títí ó fi kú, n kò gbọ́ kó sọ pé ojú ti mọ́ mọ́. Àwọn tó kù kò fura sí i. Èmi mọ ọ̀rọ̀ tó ń yẹra fún.

Ìwé ló yọ mí. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì gbà mí, lẹ́yìn rẹ̀ ni mo dé Manchester yìí, mo kàwé, mo fẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí kò bi mí nípa ìbọn. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún ọkọ mi pàápàá. Bí wọ́n bá tẹnu mọ́ irọ́ kan pẹ́ títí, ẹni tí wọ́n pa á mọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara rẹ̀ wò. Ìrọ̀lẹ́ ni, àbí? Ṣé ìmọ́lẹ̀ ni mo rí, àbí mo kàn fẹ́ kí Bàbá yìn mí? Ní ìgbà òtútù, tí ilẹ̀ ń ṣú níhìn-ín kí àwọn ọmọ tó dé láti ilé ẹ̀kọ́, màá máa tògbé lórí àga, màá rí i pé mo ń wọ inú ìbọn náà lọ. Ó gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìró aláró ìyá mi ni wọ́n fi bo ògiri rẹ̀, mo ń rìn lọ síbi tí ojú ọ̀run kékeré yẹn wà, n kò sì dé ibẹ̀. Ọjọ́ orí mi ti lé lọ́gọ́rin, ẹ̀yin ọmọ. Mo fẹ́ mọ̀ kí n tó lọ bóyá mo rí i.

Ìgbà tó kù díẹ̀ kí ọjọ́ Àìkú yẹn pé ni Fúnkẹ́ pè mí.

"Àǹtí, ẹ kú ilé o. Mo ra ìbọn sójà àtijọ́ kan fún Dádì lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun àtijọ́. Pásítọ̀ ti gbà, wọ́n kàn ní kí Dádì má dárúkọ Ògún, kí wọ́n máa pè é ní 'ọdún àwọn ọdẹ.' Ṣùgbọ́n ó ti dógùn-ún."

"Jẹ́ kí Dádì ẹ tún un ṣe. Ṣebí àwọn ni wọ́n ń tọ́jú ìbọn Bàbá?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, láti ọjọ́ Wẹ́ńsìdeè, wọ́n kàn ń wò ó ni, bí ẹni ń wo ejò."

Mo ní kó gbé bàbá rẹ̀ àti ìbọn náà wá. Ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun láti inú mọ́tò dé inú kíṣìnnì mi, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. "Wọ́n ti deactivate ẹ̀, Àǹtí, certificate ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí àwọn aládùúgbò rí i, kí wọ́n má lọ pe ọlọ́pàá fún wa." Nígbà tó ń jáde lọ ra nǹkan lójú ọ̀nà, ó ṣàlàyé fún mi lẹ́nu ilẹ̀kùn pé wọ́n ti ki irin bọ inú ọ̀nà ọta, wọ́n sì ti jó o pọ̀, kò lè yìn mọ́ láéláé. Bàbá rẹ̀ ti jókòó sídìí tábìlì. Kò gbọ́.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo da omi gbígbóná sínú abọ́, mo fi kànìnkànìn onírin rọra ha ìdógùn-ún kúrò, mo fi àkísà tútù àti áyọ̀ọ̀nù gbé ibi tí igi tẹ̀ dìde. Nígbà tí mo ṣí ìgò àdín, Bọ̀ọ̀dá Wálé gbé imú sókè. Òjò wínníwínní ń rọ̀ síta. Fún ìṣẹ́jú kan, bí ajá kan bá ti gba àárín wa kọjá pẹ̀lú ṣaworo, kì bá yà mí lẹ́nu.

"Tíṣà," ó ní, bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí láti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "o ṣì mọ̀ ọ́n ṣe o."

"Kí lẹ fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ lọ́jọ́ Àìkú, Bọ̀ọ̀dá?"

"Ọjọ́ tí ìbọn Bàbá bẹ́. Àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn rẹ̀."

"Ta lẹ máa ní ó gbàgbé àkísà sínú rẹ̀?"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "N ò ní dárúkọ. 'Arábìnrin mi kan' ni mo máa sọ."

"Arábìnrin mélòó lẹ ní?"

Ó rẹ́rìn-ín kékeré, ó ní, "Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ta ló tún ń bínú sí ọ̀rọ̀ àtijọ́?" Mo fún un ní àkísà kan. Mo ní kó nu inú ìbọn, kó má baà jẹ́ pé irọ́ ni yóò pa fún àwọn ọmọ pé òun tún un ṣe. Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí. Ó gbé ìbọn náà dúró lórí ìdí rẹ̀, ó mú ọ̀pá onígi tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú kíṣìnnì mi, ó fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti àkísà wọ ẹnu ìbọn. Láti iwájú ni. Igi ló fi tì í.

"Ọ̀nà tí ọta ń gbà kọ́ nìyẹn, Bọ̀ọ̀dá."

"Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí," ó ní, ó sì ń tì í lọ. Kò lọ jìnnà, ó dúró. Ó fà á jáde. "Ìdọ̀tí pọ̀ nínú ẹ̀."

Mo ní kó lọ síbi fèrèsé. Ó na ẹnu ìbọn sójú ọ̀run Gorton tó rí bí eérú, ó fi ojú sí ẹ̀yìn rẹ̀. N kò gbójú sókè. Mo fi ohùn tí bàbá wa máa ń lò béèrè, kò pariwo, kò kánjú.

"Wálé, ṣé ojú ti mọ́?"

"Ojú ti..." Kíá ló ti jáde lẹ́nu rẹ̀, bí ti ọjọ́ náà gan-an. Òkùnkùn irin tí wọ́n kì bọ ọ̀nà ọta ló pàdé ojú rẹ̀.

Ó tún un gbé sójú. Ó yí i sí òsì, ó yí i sí ọ̀tún, ó nu ojú ara rẹ̀, ó tún wò. Bọ́ọ̀sì kan kọjá lójú ọ̀nà, abọ́ mì lórí pẹpẹ. Ó wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé ó ti sùn lórí ìdúró. Nígbà tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó gbé e lé tábìlì jẹ́jẹ́, ó jókòó, ó sì pè mí ní orúkọ tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé.

"N ò wò ó, Àjíkẹ́," ó ní. "Bàbá bi mí, àwọn ọdẹ ń dúró, mo ní ojú ti mọ́. N ò wò ó rárá."